ERÉ ÀTÌGBÀDÉGBÀ ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI ÀSÌKÒ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ

  



Ní ìgbà kan, ẹni tí ó bá fẹ́ wo eré Yorùbá ní láti lọ sí gbọ̀ngàn, tàbí kí ó dúró de wákàtí tí tẹlifíṣọ̀n yà sọ́tọ̀. Nígbà tí ó yá, kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, àwo sì tẹ̀lé e. Gbogbo ìwọ̀nyí ní òpin: bí eré bá parí, òǹwòran a dìde. Lónìí, eré ti wọ inú àpò. Wọ́n dá YouTube sílẹ̀ ní 2005. iROKOtv bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Netflix dé Nàìjíríà ní 2016. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe jáde lórí Netflix ní 2022, eré àtìgbàdégbà rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2024. Ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ni ó sì ń gbé eré tiwọn jáde lórí YouTube láìgba owó ìwọlé.

Kí wá ni ọjà tí wọ́n ń tà? Ìpolówó ọjà ni ó ń mú owó wá, iye àsìkò tí ènìyàn bá sì fi jókòó ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà kan tí YouTube là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ pín nínú owó ìpolówó ni pé kí ènìyàn 1,000 forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ti fi wákàtí 4,000 wo iṣẹ́ rẹ̀ láàrin ọdún kan. Ní 2017, Reed Hastings, ọ̀gá àgbà Netflix nígbà náà, sọ pé oorun gan-an ni ilé-iṣẹ́ òun ń bá díje. Ìdí nìyí tí apá kan kì í fi í tán kí òmíràn má bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí oorun òru bá sì sọnù, ìrun Àsùbáà ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé eré oníhòòhò nìkan ni ewu wà nínú rẹ̀. Diriliş: Ertuğrul, eré tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Tọ́kì fi hàn láti 2014 sí 2019, sọ ìtàn Mùsùlùmí akọni. Ní 2020, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Pakistan bẹ̀rẹ̀ sí fi í hàn ní èdè Urdu nínú oṣù Ramadan. Síbẹ̀, apá 150 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bí wákàtí méjì. Wákàtí 300 nìyẹn! Bí ọ̀dọ́ bá ń fi wákàtí kan jókòó lọ́dọ̀ ààfáà lójoojúmọ́ láti kọ́ Àlùkùráánì, ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́wàá ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe?

Èkíní, Ànábì kò fẹ́ràn kí ènìyàn sùn ṣáájú ìrun Ìṣáì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ pa fóònù tì lẹ́yìn Ìṣáì, kí ó sì pa ètò tí ń mú apá mìíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ààyè wà fún èyí lórí YouTube àti Netflix.

Èkejì, Ọlọ́hun pàṣẹ fún ọkùnrin àti obìnrin onígbàgbọ́ láti rẹ ojú wọn nílẹ̀. Àṣẹ yìí kò yọ ojú fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀dùn ọkàn ni bí àwọn eré kan ṣe ń fi ààfáà hàn bí onígbájúẹ̀. Àròyé nìkan kò lè tún un ṣe. Kí àwọn tí Ọlọ́hun fún ní ẹ̀bùn kọ eré tí ó mọ́, tí ó kúrú, tí kò sì ní gba àsìkò ìrun mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọlọ́hun fi àsìkò búra nínú Súrà Al-Asri. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí wà nínú àwọn òfò. Àmín.