Ọgbẹ́ Ọkàn Lára Ọmọ Òrukàn
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ọmọ òrukàn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́)

 

Ẹ kò ní tíì gbàgbé ọdún 2016 àti 2017 ní Ìkòròdú, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé tọ àwọn ènìyàn lójú oorun, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa tọkọtaya àti ọmọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́de títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn tó kú ti lọ, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Àwọn tó yè ńkọ́?

Ọmọdékùnrin kan pàdánù òbí rẹ̀ nígbà náà, ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta ẹja níbí sì mú un wá sí Ẹ̀pẹ́. A san owó ilé-ìwé rẹ̀, a rán aṣọ Iléyá fún un, a rò pé ó ti tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó sì ń tọ̀ sórí ẹní. Kì í lè sùn bí iná bá kú. Bí ìyá àgbà bá gbé ọmọ ọlọ láti lọ ata, á sá jáde. Ní ilé-kéwú, ojú rẹ̀ á wà lára wàláà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń nà án. Àwa náà ní olóríkunkun ni. Àwọn kan nínú wa ní àlùjànnú ni. A jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọgbẹ́ ọkàn ló ń ṣe é. Ẹni tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá ti bà rí, ara rẹ̀ kì í tètè gbà pé ewu ti lọ. Ìró kékeré tàbí òkùnkùn lè dá a padà sí òru ọjọ́ náà, àyà rẹ̀ á máa já, òógùn á bò ó. Ọmọdé kò lè ṣàlàyé, ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́: ìtọ̀, inú rírun, ìbínú, ìdákẹ́. Ìyá àgbà náà ńkọ́? Ọmọ tó bí ni wọ́n pa. Nítorí pé ó ń wá sọ́jà lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ànábì Yàkúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò tíì dáyé tí bàbá rẹ̀ fi kú, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. A ra iná oníbátìrì fún wọn. A bẹ ààfáà kó sọ pàṣán kalẹ̀. A kò fi dandan mú ọmọ náà sọ ohun tó rí. Ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, à ń jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sùn.

Àwọn mìíràn wà lórí ìwé wa tó nílò dókítà. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka tàwọn ọmọdé ní Òṣòdì. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Yábàá, wèrè ni ọ̀pọ̀ ń rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn há ọmọ mọ́lé. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Òṣòdì, owó ọkọ̀ nìkan ti ju agbára àwọn alágbàtọ́ yìí lọ. Aláìní ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀tọ́ nínú sàká. Akápò wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀.