Kà Á Kí O Tó Tú U

 

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa tó jẹ́ mẹkáníìkì sọ fún mi pé, "Bàbá, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìwé ṣe?" N kò bá a jà. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo mú wá lálẹ́ yìí. Ọmọ mi, ọkọ̀ òde òní ń kọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè ka ohun tí ọkọ̀ kọ, wáyà tí kò ṣẹ̀ ni yóò máa gé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kàbúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Mẹkáníìkì á yí skúrúù díẹ̀, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á tún yí i. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ti ṣe ẹ̀rọ mìíràn fún ọkọ̀ Volkswagen 1600. Iná mànàmáná ló ń darí epo nínú rẹ̀. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ bẹntiróòlù.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi wé ìyá olóúnjẹ tó jókòó sídìí ìkòkò, tí àwọn ọmọ ń mú ìròyìn wá fún un. Bréènì bọ́ọ̀sì ni ìyá náà. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ọmọ. Ọ̀kan ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ti pọ̀ tó. Ọ̀kan ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Èyí tó wà nídìí kíráńkì ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àyè eyín 60 ló wà lára irin róbótó tó ń yí níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ eyín 2 kúrò. Bí àlàfo yẹn bá ti kọjá, bréènì bọ́ọ̀sì á mọ ibi tí kíráńkì yí dé. Nígbà náà ni yóò pàṣẹ kí nọ́sù ṣí, kí ó fín epo, kí ó sì pa dé, kíákíá ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó.

Bí ìròyìn kan kò bá dé mọ́, iná á tàn níwájú awakọ̀, bréènì bọ́ọ̀sì á sì kọ kóòdù pamọ́. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa kọ kóòdù yìí ní ọ̀nà kan náà. Púpọ̀ nínú tọ́kùnbọ̀ tí à ń wà, ibẹ̀ ló ti wá. P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kíráńkì. P0500 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ eré ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Ní 2019, ọwọ́ aago eré ọkọ̀ mi wálẹ̀ sí òdo. Jíà ń já mi bí ẹṣin tí kò gbọ́ràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kà á, wọ́n rí P0500. Mo ní, "Ọwọ́ ti tẹ olè!" Mo ra sẹ́ńsọ̀, kò yí padà. Mo tún ra òmíràn, ibi tí a wà náà la wà. Ìgbà tí owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì ni mo tó jókòó ka ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà. Ìwé ní kí n kọ́kọ́ wọn wáyà mẹ́ta tó wọ sókẹ́ẹ̀tì. Mo fi mítà wọ̀n wọ́n. Iná ń wá dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu wáyà ilẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo dè é padà. Ọwọ́ aago dìde!

Kóòdù kò purọ́. Ó ní òun kò gbọ́ ìròyìn. Kò ní ìránṣẹ́ ti kú. Ẹjọ́ ni kóòdù, kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àṣìṣe owó ṣì kéré sí àṣìṣe iná. Nígbà kan mo tú páìpù nọ́sù. Mo rò pé bí ẹ́ńjìnnì ti kú, epo náà ti sinmi. Epo fín sí mi láyà, ó kù díẹ̀ kí ó kan páìpù èéfín tó gbóná. Ọlọ́run ló yọ mí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agbára tó wà nínú páìpù epo ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ, kì í sì í lọ nígbà tí a bá pa ọkọ̀. Ẹ yọ fiúsì pọ́ǹpù epo, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ fi àkísà bo ojú ibi tí ẹ fẹ́ tú. Kí sìgá tàbí àtùpà má ṣe sún mọ́ ibẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣe bréènì bọ́ọ̀sì fúnra wọn. Ní Amẹ́ríkà, Bruce Bowling àti Al Grippo gbé MegaSquirt jáde ní 2001, èyí tí ènìyàn lè fi òjé jó pọ̀ nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ àfẹnusọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sínú àtẹ: bí ẹ́ńjìnnì bá yí tó báyìí, epo tó báyìí ni kí ó mu.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan. Kọ kóòdù sílẹ̀ kí o tó pa á rẹ́. Kọ àwọ̀ wáyà àti ibi tó ti wá kí o tó tú u. Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ti sẹ́ńsọ̀ tó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́, má fi dánra wò. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀.

Ọmọ mi, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin ni P0500. O ti kọ́ wọn níbí. Ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ lóòótọ́. Jẹ́ kí ojú rẹ náà mọ̀ ọ́n.

Ó dìgbà o.