Ohùn Ìyá Lọ́jà Nínú Ilé Ìkàwé Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

A mọ̀ pé oúnjẹ ti ń ta sánsán, a ò ní pẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ yín ló rò pé owó ilé ẹ̀kọ́ la fẹ́ sọ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ohùn la bá wá. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ran ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ọmọ wa ń lọ lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ lè máa ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní podcast níbẹ̀.

Kí ni podcast? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ètò bíi ti rédíò ni. Bí ẹ bá ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá lọ nìyẹn. Ti podcast, wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù lálẹ́ nígbà tí ẹ bá ti palẹ̀ àtẹ mọ́, ẹ sì lè tún un gbọ́. Ní 2004 ni orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì wáàsì àti ti fújì láti ìgbà èwe mọ ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, orí rédíò ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ohùn lè kọ́ni, a ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó dùn wá tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí Ọlọ́run ti pè. Àdí àgbọn tí wọ́n bá sè máa ń pẹ́ nínú ìgò láìyí òórùn padà. Nígbà tí wọ́n kú, a wá ohùn wọn kiri. Fọ́tò pọ̀ rẹpẹtẹ, ti aṣọ ẹbí, ti ìkómọjáde. Ohùn wọn ńkọ́? Kò sí níbì kankan. Ọmọ wọn ló ń sè é báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé kò rí bíi ti ìyá òun. Ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ.

Kò bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Gbogbo wa la mọ orúkọ Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ọba Adélé, kúrò lórí oyè l'Ékòó tó wá ń gbé ní Àgbádárìgì, ibí ni Tinúbú ti ta tábà àti iyọ̀. Ó ṣòwò ẹrú pẹ̀lú. Ó kú ní 1887 l'Ábẹ́òkúta. Ìwé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lóríṣiríṣi, àwọn ẹlòmíràn ló sì kọ wọ́n. Bó ṣe ń ná ọjà, bó ṣe ń gba gbèsè, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò bá ní ohùn nílẹ̀, kí ni ti àwa tí à ń ta ẹja àti gaàrí?

Àwọn kan ti wá ojútùú sí i. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan tó ń jẹ́ StoryCorps bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ènìyàn méjì á jókòó, ọ̀kan á máa bi èkejì léèrè nípa ayé rẹ̀, wọn á gbà á sílẹ̀. Kì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ nìkan, ẹnikẹ́ni ni. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba wọn, ni wọ́n ń kó ohùn náà pamọ́ sí. Ní 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ọmọ girama pé nígbà ọdún Ìdúpẹ́ wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi fóònù gba ohùn àgbà kan sílẹ̀.

Ní 2019, iléeṣẹ́ rédíò NPR níbẹ̀ ṣe ìdíje podcast àkọ́kọ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ girama Elizabethton ní ìpínlẹ̀ Tennessee ló gbégbá orókè. Ìtàn wo ni wọ́n sọ? Ti Erwin, ìlú kan nítòsí wọn, níbi tí wọ́n ti so erin eléré kan rọ̀ ní 1916 títí ó fi kú. Ìtìjú ni fún ìlú náà títí dòní. Àwọn ọmọ yẹn ò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n béèrè bí ìlú náà ṣe ń tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Nínú àwọn tó kéré sí wọn, àwọn ọmọbìnrin kan láti Bronx ní New York ló gbégbá orókè. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni wọ́n sọ, àti ìdí tí kò fi yẹ kó máa ti obìnrin lójú.

Ìlú tiwa náà ní ìtàn tó dùn àtèyí tó korò. Ibí ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní 1842. Ibí ni wọ́n ti parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1845. Ibí náà sì ni ọjà ẹrú Vlekete wà, àti erékùṣù Gberefu tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ láìpadà. Àlejò ń ti òkè òkun wá gbọ́ ọ. Ó yẹ kí ọmọ wa lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lédè Yorùbá àti lédè Ògù tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ tí wọn kì í fi dáhùn mọ́.

Ẹ rántí ẹnubodè. Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba tì í. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè padà. Báwo la ṣe jẹun? Ta ló pa òwò dà? Ta ni gbèsè fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Ìwé ìròyìn kọ ti ìjọba, wọ́n kọ ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Tiwa wà nínú wa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ìkàwé? Torí pé bí ohùn bá wà lórí fóònù ẹnì kan, ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi, ó parí. Ilé ìkàwé ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó sì ní olùtọ́jú. Kí àwọn ọmọ tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á kọ ọjọ́, ibi, èdè, àti ẹni tó gbà pé kí wọ́n lò ó. Ibi méjì ni wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sí.

Iṣẹ́ náà ò le. Ní ọjà, kí fóònù sún mọ́ ẹnu, kí wọ́n sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa já ọ̀rọ̀ gbà. Nínú yàrá ìkàwé, aṣọ tí a ta sára ògiri kì í jẹ́ kí ohùn máa dún padà. Aṣọ ẹgbẹ́ wa tó ti gbó á wúlò níbẹ̀. Audacity tí wọ́n fi ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ dáadáa, ètò ìṣẹ́jú 10 kò ju nǹkan bíi 5 MB lọ, Bluetooth sì lè gbé e láti fóònù dé fóònù láìná dátà.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Ẹ ní fóònù ń ba ọmọ jẹ́. Òótọ́ ni, ó lè bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí fóònù yìí fi máa jẹ́ ti ilé ìkàwé, láìní síìmù. Ọmọ á fọwọ́ sí ìwé kó tó gbà á, á sì dá a padà bí ìwé. Ẹ tún ní àṣírí ọjà á tú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nítorí náà, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ibi tó bá ní kí wọ́n yọ, wọ́n á yọ ọ́. Wọn ò ní dárúkọ oníbàárà tó jẹ gbèsè, wọn ò ní sọ ibi tí ọmọ ń gbé. Èyí tí a ò bá fẹ́ kó dé íntánẹ́ẹ̀tì, inú ilé ìkàwé ni yóò jókòó sí.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni fóònù méjì, káàdì ìpamọ́ méjì, gbohùngbohùn kékeré kan, àti ìyá mẹ́wàá tó ṣetán láti sọ̀rọ̀. A dábàá pé kí a dá aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún tó ń bọ̀ dípò méjì, kí a fi owó èkejì ṣe é. Ẹ̀yin tí inú ń bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípàdé, ká jọ dìbò sí i.

Èrè ọjà la fi ra ìwé fáwọn ọmọ wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì wọ ilé ìkàwé rí torí a rò pé kò sí tiwa níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Alájẹṣẹ́kù ni wá: à ń jẹ, à ń ṣẹ́kù. Owó la ti ń ṣẹ́kù látẹ̀yìn wá. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ ohùn náà kù fún wọn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, àtẹ wa kò ní gbófo.