Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ńlá àti Iṣẹ́ Ọ̀wẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ti oko, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà kò lè dá ohunkóhun ṣe láìjẹ́ pé a kọ ìlànà fún un. Ìlànà yìí ni à ń pè ní sọ́fítíwíà. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa fi tiwọn pamọ́, bí oníṣègùn ti ń fi orúkọ ewé pamọ́. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí a tẹ́ sílẹ̀ ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi í fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, tẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Linux. Gbogbo fóònù Android tí ó wà lápò yín, Linux ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Kí ni ọlọ́rọ̀ ń wá nídìí ohun ọ̀fẹ́? Ní 2000, IBM kéde pé òun yóò ná bílíọ̀nù dọ́là kan sórí Linux ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní 2001, Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ; ní 2016, ilé-iṣẹ́ kan náà wọ ẹgbẹ́ Linux Foundation tí ń bójú tó iṣẹ́ yìí. A kò rò pé ìrònúpìwàdà ni. Wọ́n rí i pé kí a jọ gbẹ́ kànga kan dínwó ju kí olúkúlùkù gbẹ́ tirẹ̀ lọ. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ Linux fi ń gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n kànga ojúde ni wọ́n ń tún ṣe. Ti ẹ̀yìnkùlé ń bẹ níbẹ̀. OpenSSL ni ìlànà tí ń bo ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́lẹ̀ bí ó ti ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe ti owó tàbí ti ìjọba. Ní oṣù Kẹrin 2014, a rí ihò kan nínú rẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Heartbleed. Ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 2, olè sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí a wádìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, owó ìtọrẹ tí ń wọlé lọ́dún kò sì ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ! Àwọn tí ń ka owó ní bílíọ̀nù ń pọn omi níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ń kó pàǹtí rẹ̀. Lẹ́yìn ìtìjú náà ni Linux Foundation kó Google, Microsoft, Facebook, IBM àti àwọn mìíràn jọ, tí olúkúlùkù ṣèlérí 100,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún 3. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé ti ń jó kí wọ́n tó wá omi. Ní oṣù Kejìlá 2021, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Log4j, tí àwọn afínnúfíndọ̀ ń tọ́jú.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé ń lò, "ẹ" ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. A ní láti gbé àmì ohùn lé e lórí ni. HarfBuzz, tí í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, ni ó ń gbé àmì náà sí àyè rẹ̀ nínú Chrome, Firefox, Android àti LibreOffice. Àwọn lẹ́tà Gentium àti Charis tí ẹgbẹ́ SIL ṣe, tí ó gba èdè wa dáradára, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. A ń pọn omi. Ìgbà wo ni a ó bá wọn fa okùn?

Àwọn tí ń tẹ ìwé wa, àwọn ilé ìfowópamọ́ tí ọmọ wa ń ṣàkóso, àti ẹgbẹ́ yìí pàápàá, lè jọ san owó oṣù ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bí lẹ́tà wa ti ń hàn lórí ẹ̀rọ gbogbo, tí yóò sì máa fi àbùkù tí wọ́n bá rí, pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀, ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ìlànà wọ̀nyí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wa, a ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Owó ni kò sí.