Mọ́ín-mọ́ín Inú Báàgì: Oúnjẹ Pápákọ̀ Òfurufú àti Tíkẹ́ẹ̀tì Owó Pọ́ọ́kú

Bàrígà náà ni mo ṣì wà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, ti aládùúgbò wa ni, ẹ bá wa fara dà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo ríṣẹ́ fídíò kan ní Àbújá. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni a máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n sì máa sanwó. Mo wá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n kéré jù, ti agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Agogo mẹ́rin ni mo ti jáde nílé. Kò sí aláàkàrà kankan tó tíì dáná ní Jagunmólú. Mo wọkọ̀ ní Onípanu lọ sí Òṣòdì, ibẹ̀ ni mo ti gba ọkọ̀ mìíràn. Èmi àti ebi la jọ wọ MMA2.

Míìtì páì méjì àti omi ìgò kan, N5,500! Mo mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù ń bẹ lọ́rùn ẹni tó ń tà á, mi ò bá a jà. Àmọ́ míìtì páì yẹn tutù, ẹran inú rẹ̀ kò sì ju orúkọ lọ. Ohun tó kù nínú àkáǹtì mi kò tó N3,000.

Mi ò tíì jẹ ẹ̀kejì tán tí wọ́n fi kéde pé báàlù wa máa pẹ́. Agogo méje kọjá. Mẹ́jọ kọjá. Ebi tún dé.

Màmá kan jókòó tì mí. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ mọ́ín-mọ́ín eléwé jáde, pẹ̀lú ẹ̀kọ. Gbogbo orí ìlà wa ló gbọ́ òórùn ẹ̀.

"Ọmọ mi, gbà, jẹ èyí."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó."

"Ikùn ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbà á, ó yá. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò dá wọn dúró níbi àyẹ̀wò. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ́ín-mọ́ín mi ṣe?" Wọ́n tún wá ní, "Lọ bi wọ́n léèrè oúnjẹ wa. Ẹ̀tọ́ wa ni."

Mo yẹ fóònù mi wò. Òótọ́ ni. Ó wà ní Apá 19 nínú òfin NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú: tí báàlù tó ń fò láàárín Nàìjíríà bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé iṣẹ́ tó ni ín gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu àti ohun mímu. Mo gbé fóònù dé iwájú káńtà. Mi ò pariwo o. Arábìnrin tó wà níbẹ̀ kà á, ó ní, "Ẹ jẹ́ n pe ọ̀gá wa." Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, páálí bísíkíìtì àti júùsì dé. A ti jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, kò sẹ́nì kankan tó béèrè!

Agogo mẹ́wàá kọjá ká tó gbéra. Ìgbà tí mo fi débi iṣẹ́, ẹlòmíràn ti ń ya fídíò, ìdajì owó ni wọ́n fún mi.

Báyìí, alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò ni mo ti máa ń ra mọ́ín-mọ́ín tèmi ní Bàrígà. Ẹyin sísè ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ nílé, a jọ máa mí afẹ́fẹ́ kan náà ni.

Màmá yẹn ò jẹ bísíkíìtì tiwọn. Wọ́n kì í bọ báàgì mi, wọ́n ní kí n fi panu tí mo bá dé Àbújá.