Pèrègún àti Akòko: Igi Ọ̀ṣọ́ àti Ọ̀rọ̀ Inú Wọn

Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Ojú-Ọrẹ, ní Ọ̀tà, bá gbin pèrègún síwájú ọgbà rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò kà á sí. Ní oko àwọn bàbá wa, ẹlẹ́rìí ààlà ilẹ̀ ni. Bí a bá gé e, yóò tún rú. Akòko ńkọ́? Ewé rẹ̀ ni a ń fi sórí ẹni tí a bá fi joyè. Nínú ìwé Ewé (1995), Pierre Verger fi hàn pé ìró ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orúkọ ewé ni ọfọ̀ ń gùn lé. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ igi mọ́ lítíréṣọ̀. Ọmọ tí ó bá ń pe pèrègún ní “fúláwà” kò lè gbọ́ ọfọ̀ rẹ̀ yé.