Oògùn Tó Ń Dènà Họ́mónù fún Jẹjẹrẹ Pírọ́sítéètì: Bí A Ṣe Lè Lò Ó Láìfarapa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá ọkùnrin jà ní Nàìjíríà, ti pírọ́sítéètì ló wọ́pọ̀ jù. Ní ìlú Ọba, ọkùnrin 1 nínú 8 ló máa ń ní in nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, 1 nínú 4 ni. Bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ yìí jọ kàn.

Bàbá tí mo ní lọ́kàn lónìí ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti sọ orúkọ àrùn náà fún un, wọ́n sì ti kọ oògùn fún un. Báwo ni yóò ṣe lò ó tí kò fi ní pa á lára? Èsì mi kò gùn: ewu tó wà nínú oògùn yìí ṣeé ṣọ́, bí ẹni tó ń lò ó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Pírọ́sítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Họ́mónù tí à ń pè ní testosterone ló ń mú un dàgbà. Inú kórópọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mónù yìí ti ń wá. Díẹ̀ ń wá láti ara ẹ̀yà kan tó wà lórí kíndìnrín. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá wọ pírọ́sítéètì, họ́mónù yìí kan náà ni jẹjẹrẹ ń jẹ dàgbà. Charles Huggins àti Clarence Hodges fi èyí hàn ní Yunifásítì Chicago lọ́dún 1941: nígbà tí wọ́n yọ kórópọ̀n àwọn aláìsàn kan, tí wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní họ́mónù obìnrin, àrùn náà fà sẹ́yìn. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1966 nítorí iṣẹ́ yìí.

Wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn títí dòní. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó owó abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mélòó ló fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ òun lọ́dàá? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yan oògùn.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni abẹ́rẹ́, irú bíi goserelin, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn. Èyí tó jẹ́ mílígírámù 3.6 wà fún ọjọ́ 28, èyí tó jẹ́ 10.8 wà fún ọ̀sẹ̀ 12. Abẹ́rẹ́ yìí ń dá iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí kórópọ̀n dúró, testosterone á sì gbẹ. Èkejì ni oògùn oníhóró, irú bíi bicalutamide, tí wọ́n sábà máa ń lò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ náà ní mílígírámù 50 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Èyí kò dá testosterone dúró rárá. Ńṣe ló lọ jókòó sórí àga tí testosterone ìbá jókòó lé nínú jẹjẹrẹ, tí onílé bá dé, kò ní ríbi jókòó.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, testosterone á kọ́kọ́ ru sókè kó tó wálẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé eegun ẹ̀yìn, ó lè wú kó tẹ okùn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó sì lè dí ọ̀nà ìtọ̀. Nítorí èyí ni dókítà fi máa ń ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́, tàbí kó lò wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ra abẹ́rẹ́, tó ní oníhóró lè dúró dìgbà tówó bá dé, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Oúnjẹ àti àkókò

Bicalutamide kò bá oúnjẹ jà. Wákàtí kan náà lójoojúmọ́ ló ń fẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé tàná, ẹ má ṣe gbé méjì mì lónìí.

Abiraterone, oògùn oníhóró mìíràn fún àrùn yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà wọ́pọ̀ báyìí, inú òfìfo sì ni wọ́n ń lò ó: ó kéré tán, wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ má sì jẹun fún wákàtí 1 lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè sọ iye oògùn tó máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po 10. Ẹni tó fi àmàlà àti ọbẹ̀ tí epo léfòó lé lórí tẹ́lẹ̀ ikùn kó tó gbé e mì, kì í ṣe ìwọ̀n tí dókítà kọ fún un ló lò. Ẹ̀yin tó ń gba ààwẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín ṣètò wákàtí rẹ̀ kí Rámádánì tó wọlé.

Abiraterone kì í dá rìn: oògùn tó ń jẹ́ prednisolone ni wọ́n máa ń fi tì í. Bí kò bá sí i, ẹ̀jẹ̀ lè ru, ẹsẹ̀ lè wú, èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe dá prednisolone dúró lójijì. Kí aboyún ilé má sì fọwọ́ lásán kan hóró abiraterone.

Ẹ̀dọ̀ àti àgbo

Bicalutamide lè ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà, pàápàá láàárín oṣù 4 àkọ́kọ́. Bí ẹyinjú bá pọ́n bí èso ìyeyè, tí ìtọ̀ ṣú, tí ara ń yún, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dunni, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa wà. Bí ojú bá ti pọ́n, a ó ní ibà pọ́njú ni, a ó ránṣẹ́ sí ẹlẹ́wé ọmọ. N kò bá àgbo jà. Láti ara ewé àti èèpo igi ni ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàárẹ̀ ni àgbo yóò tún di ẹrù lé, kò sì sẹ́ni tó kọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò. Tí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Bákan náà ni kí ẹ dárúkọ gbogbo oògùn mìíràn fún un, pàápàá warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí bicalutamide lè mú kí agbára rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun tí ọkùnrin ń fi pamọ́

Oògùn yìí lè mú kí ooru ṣàdédé bo ara, kí òógùn sì máa ṣàn. Àyà lè wú kó sì máa dunni bíi ti ọ̀dọ́bìnrin. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á lọ sílẹ̀. Omijé á máa sún mọ́ ojú. Ọ̀pọ̀ bàbá rò pé òun nìkan ló ń ṣe. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ẹ bá tètè sọ ti àyà, ìtọ́jú wà fún un. Bó bá pẹ́ kó tó hàn sí dókítà, ó máa ń ṣòroó dá padà. Ẹ sọ fún ìyàwó náà, kó má baà rò pé obìnrin mìíràn ló gba ọkọ òun.

Àwọn ìpalára mìíràn kì í fara hàn: eegun ń fúyẹ́, ikùn ń tóbi, ìtọ̀ ṣúgà ń yọ́ wọlé. Ẹ máa rìn dáadáa, ẹ máa gbé ohun tó wúwo níwọ̀nba, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín, kí ẹ sì bi dókítà léèrè nípa calcium àti fítámínì D.

Nígbà tí ara bá yá

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iye PSA, èròjà tí wọ́n fi ń ṣọ́ àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀, á wálẹ̀, eegun á dákẹ́ ríro. Bàbá á ní òun ti gbádùn, á ju oògùn sílẹ̀. Oògùn yìí di àrùn náà mú ni. Kò pa á tán. Àwọn kan wà tí dókítà fúnra rẹ̀ ń fún ní ìsinmi oògùn, ṣùgbọ́n òun ló ń fi àyẹ̀wò ṣọ́ wọn. Bó bá jẹ́ owó ló tán, ẹ má ṣe tìjú. Dókítà lè yí oògùn padà sí irú tí kò wọ́n, tàbí kó tún bá yín jíròrò lórí iṣẹ́ abẹ. Ẹ má torí ẹ̀dínwó ra oògùn tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Nàìjíríà.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ti Gúúsù Áfíríkà mọ̀ lọ́dún 1997 pé òun ní àrùn yìí. Kò fi bò. Gbangba ló ti ń sọ ọ́. Ọdún 2021 ló tó dágbére fáyé, ní ẹni ọdún 90.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání, ẹ mú ìgò àgbo náà lọ, ẹ sì kọ ohun tó ń ṣe yín sínú ìwé, èyí tó ń tini lójú ni kó ṣáájú. Mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin bàbá, ó kù sọ́wọ́ yín: ta ni yóò kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀?